Ìfarabalẹ̀ ló gun òkè irin

Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni mo gbé wá lónìí.

Òkè kan wà ní Eisenerz, ní Austria, tí wọ́n ti ń wa irin láti ayébáyé. Láti 1995 ni wọ́n ti ń fi alùpùpù díje níbẹ̀, Erzbergrodeo ni wọ́n ń pè é. Àwọn 500 ló ń bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá, wákàtí 4 péré ni wọ́n fún wọn. Ní 2015, ẹni mẹ́rin ló dé òpin!

Ní 2007, Taddy Blazusiak, ọmọ Poland, gun alùpùpù àyálò débẹ̀. Trial ló ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú trial, eré sísá kọ́ ni wọ́n ń wò. Orí àpáta àti gbòǹgbò igi ni wọ́n ń gbà, lórí ìdúró, pẹ̀lú ìka kan lórí embrayage. Bí o bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ àṣìṣe kan sí ọ lọ́rùn. Bí o bá ṣubú, márùn-ún.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun zemidjan nínú ẹrẹ̀ mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá ń fún un ní epo ṣáá, táyà á máa yí lójú kan ni. Ẹni tó kọ́ trial á kọ́kọ́ wo òkúta, á gbé táyà iwájú lé e, á sì rọra jẹ́ kí ti ẹ̀yìn rí ilẹ̀ gbá mú.

Taddy ló ṣe ipò kìíní lọ́dún náà, ó sì ń gbà á títí di 2011. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Graham Jarvis, ọmọ England tí òun náà ti trial wá, gbà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà ìkarùn-ún, ní 2019, ó ti pé ẹni ọdún 44.