Popular Bar: ilé ọtí Dúró Ládiípọ̀ tó di Mbari Mbayo

Tí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ilé ọtí kan tó yí tíátà Yorùbá padà, Popular Bar ni. Òṣogbo ló wà. Dúró Ládiípọ̀ ló ni ín: tíṣà ni, ọmọ kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà, ó tún wá ń ta bíà. (Ẹ má bi mí bí bàbá rẹ̀ ṣe gbà á.)

Ọ̀rọ̀ ìlù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1961, Ládiípọ̀ kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ìlù ìbílẹ̀ sí i. Àwọn àgbà ìjọ fárígá, wọ́n ní irú ìlù bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Ló bá gbé orin rẹ̀ wá sí Ìbàdàn níbí, sí Mbari Club ní Dùgbẹ̀, tí Ulli Beier àtàwọn bíi Ṣóyínká, Achebe, Okigbo àti J. P. Clark ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì nibẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ o.

Ohun tó rí ní Dùgbẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú. Ó ní kí Beier bá òun sọ ilé ọtí òun di irú rẹ̀. Oṣù Kẹta 1962 ni wọ́n ṣí i, eré Ládiípọ̀, Ọba Mọ́rọ̀, ni wọ́n sì fi ṣí i.

Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari, ilé amọ̀ tí wọ́n ń kọ́ fún Àlà, òrìṣà ilẹ̀, tó kún fún ère. Ará Òṣogbo ò mọ̀yẹn. Létí tiwọn, "M bá rí i, m bá yọ̀" ni. Bó ṣe di Mbari Mbayo nìyẹn.

Lójú tèmi, ibi tí ilé ọtí yẹn wà ló ṣiṣẹ́ jù. Àwọn òǹkọ̀wé àti ọmọ yunifásítì ló pọ̀ ní ti Dùgbẹ̀. Ti Òṣogbo, àárín ìlú ni. Ẹni tó ń tọjà bọ̀ lè yà wòran. Ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní 1963, kó tó dé Berlin ní 1964. Lọ́dún 1964 yẹn náà ni Georgina Beier ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Jimoh Buraimoh, tó ń bójú tó iná orí ìtàgé fún Ládiípọ̀, wà níbẹ̀. Muraina Oyelami, òṣèré rẹ̀, náà wà níbẹ̀. Ijó ló gbé Twins Seven-Seven wọlé ní tiẹ̀. Gbogbo wọn ló di ayàwòrán tí ayé mọ̀.

Ládiípọ̀ kú ní Oṣù Kẹta 1978. Ìyàwó rẹ̀, Abíọ́dún, tó máa ń ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, ló tẹ̀síwájú pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèré náà lẹ́yìn ikú rẹ̀.