Elégédé Inú Agolo Tó Ṣẹ́kù ní Monrovia

Elégédé inú agolo ni elégédé tí wọ́n bó, tí wọ́n sè rọ̀, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì dé mọ́ inú agolo láìfi ṣúgà sí i. Ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, ilé ìtajà tó ń ta ọjà òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á. Nígbà mìíràn, inú àgbá ẹrù ló máa ń bá wọlé, irú àgbá tí àwọn ọmọ Làìbéríà tó wà ní Minnesota, Philadelphia àti Staten Island máa ń dì ránṣẹ́ sí ẹbí wọn gba èbúté Freeport. Agolo kékeré rẹ̀ wọn gíráàmù 425, ìyẹn sì tó páì kan. Agolo ńlá wọn gíráàmù 822, ó tó páì méjì. Ẹni tó ṣí agolo ńlá nítorí páì kan ṣoṣo, tàbí tó bu ṣíbí mẹ́ta péré sínú kéèkì, á rí i pé púpọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ìyókù yìí ni ọ̀rọ̀ wa, nítorí oúnjẹ gidi ni, ó sì máa ń bàjẹ́ kí ẹni tó ni ín tó rántí rẹ̀.

Bó ṣe dé ibẹ̀

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni elégédé ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1492 ni irúgbìn rẹ̀ gba orí òkun dé etíkun Áfíríkà, àwa Yorùbá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ débi pé ó wọ inú Ifá. Àwọn babaláwo a máa sọ bí Olófin ṣe fún àwọn Odù ní elégédé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ka ẹ̀bùn náà sí ìwọ̀sí, tí wọ́n sì kó o dà sílé Ọ̀bàrà tí kò ní lọ́wọ́. Nígbà tí ebi dé, wọ́n la elégédé náà nílé Ọ̀bàrà láti sè é, ọrọ̀ ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé elégédé tí àwọn ẹlòmíràn kò fẹ́ mọ́ ni ìtàn náà dá lé.

Ọ̀nà mìíràn ni páì elégédé gbà dé Monrovia. Ní 1822 ni àwọn èèyàn dúdú tí ẹgbẹ́ American Colonization Society kó láti Amẹ́ríkà tẹ̀dó sí Cape Mesurado. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìlú wọn ní Monrovia, láti ara orúkọ Ààrẹ James Monroe. Wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá, wọ́n kó aṣọ wọn wá, wọ́n sì kó ọwọ́ ìdáná wọn wá pẹ̀lú. Òfin ọdún 1883 ló sọ Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá di Ọjọ́ Ìdúpẹ́ orílẹ̀-èdè. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣíwájú ti Amẹ́ríkà, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀ kẹrin. Lọ́jọ́ náà, agbọ̀n ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti irè oko mìíràn máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ìsìn bá parí, wọ́n á lù wọ́n ní gbànjo, kálukú á sì gba ilé lọ jẹun. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ yìí ni ìyókù agolo máa ń wọ́pọ̀ jù.

Agbègbè Morton, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ni èyí tó pọ̀ jù nínú elégédé inú agolo Amẹ́ríkà ti ń wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe Libby's, tó wà lábẹ́ Nestlé. Irú tí wọ́n ń gbìn fún un, Dickinson, kì í ṣe elégédé rúbúútú tí wọ́n ń gbẹ́ ojú àti eyín sí lára ní ìparí oṣù kẹwàá. Cucurbita moschata ni, ẹ̀yà kan náà tó fara mọ́ ooru ilẹ̀ wa jù lọ, tí a ń gé ní gígé tà lọ́jà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Elégédé ọbẹ̀ ló wà nínú agolo yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán páì ni wọ́n yà sí ara rẹ̀. Ibi tí èmi àti àwọn ìwé ìdáná òkè òkun ti pínyà nìyí. Wọ́n á ní kí a fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe kéèkì, ká fi ṣe bisikíìtì, ká tún fi ṣe páńkéèkì, tí ọ̀sẹ̀ á fi parí tí ṣúgà á ti pọ̀ nínú ara ju elégédé lọ. Ìkòkò ọbẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Gíráàmù 100 elégédé inú agolo ní nǹkan bíi kálórì 34, potasíọ̀mù tó mílígíráàmù 200, àti fáíbà, èyí tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé gíráàmù 3. Iyọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ rárá, àfi bí ẹni tó ṣe é bá fi sí i. Ohun tó mú un ta yọ ni beta-carotene, àwọ̀ tó mú un pọ́n, tí ara wa ń sọ di fítámì A. Ife kan, ìyẹn gíráàmù 245, lè fún àgbàlagbà ní ìlọ́po méjì fítámì A tó nílò lójúmọ́. Òun ni ojú fi ń ríran nínú òkùnkùn alẹ́, òun náà sì ni ara ọmọdé fi ń dènà àrùn. Àìtó rẹ̀ ló fà á tí wọ́n fi ń kán fítámì A sẹ́nu àwọn ọmọ Làìbéríà tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún.

Ṣùgbọ́n beta-carotene kì í wọ ara dáadáa láìsí ọ̀rá díẹ̀. Ẹni tó bá fi omi lásán po elégédé nítorí pé ó fẹ́ jẹun tó dára fún ara, ó ń pàdánù apá kan nínú oore rẹ̀. Ṣíbí epo kan tó, ẹ̀pà lílọ̀ sì tó.

Agolo méjì ló jọra lórí àtẹ. Ọ̀kan ni elégédé lásán. Èkejì ti ní ṣúgà àti èròjà olóòórùn dídùn nínú, wọ́n sì máa ń kọ pumpkin pie mix sí i lára. Èyí kejì kò ṣeé fi sebẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn agolo. Bí orúkọ ṣúgà bá wà níbẹ̀, páì nìkan ló wà fún.

Ooru àti iná

Kì í ṣe àìmọ ohun tí a ó sè ló ń ba ìyókù elégédé jẹ́ ní Monrovia. Ooru ni. Elégédé kò kan bíi tòmátò, kò sì sí ohun kankan nínú rẹ̀ tó lè dá kòkòrò àìfojúrí dúró. Bí a bá ti ṣí agolo, a kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lórí tábìlì ju wákàtí méjì lọ; bí ooru bá kọjá 32°C, wákàtí kan péré ló ní. Inú ike tàbí ìgò tó ní ìdérí ni ká dà á sí, ká má fi í sínú agolo tó ti là lẹ́nu. Nínú fíríìjì tó tutù dé 4°C, á pé ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Fíríìjì ọ̀hún gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìsédò Mount Coffee lórí odò St. Paul, tó ń fún ìlú náà níná, bàjẹ́ nígbà ogun abẹ́lé ní 1990. Oṣù kejìlá 2016 ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ló sábà máa ń ní fíríìjì. Iná ti padà, ṣùgbọ́n ó ń lọ ó ń bọ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi odò bá fà, ẹ̀ẹ̀rùn sì rèé, ẹ̀yìn Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ló ń wọlé. Fíríìjì tí iná bá kúrò lára rẹ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá ṣí agolo ni kí a ti mọ ibi tí ìyókù rẹ̀ ń lọ.

Nínú ìkòkò

Àwọn ará Làìbéríà a máa fi ẹran tàbí ẹja se elégédé tútù lọ́bẹ̀, wọ́n á sì bù ú lé ìrẹsì. Lójú wọn, ẹni tí kò tíì jẹ ìrẹsì lóòjọ́ kò tíì jẹun, ohunkóhun tó wù kó ti kó sẹ́nu. Ọ̀rọ̀ àfikún owó ìrẹsì ló dá rògbòdìyàn oṣù kẹrin 1979 sílẹ̀ ní ìgboro Monrovia. Ọbẹ̀ tó bá ìrẹsì lọ ni àwọn ọmọ ilé máa jẹ láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n, ìyẹn ni mo ṣe fi ọbẹ̀ ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ ká mú gíráàmù 400, bí ìdajì agolo ńlá. Ẹ gé àlùbọ́sà ńlá kan, ẹ gún ata rodo méjì, kí ẹ dín wọn nínú ṣíbí epo pupa méjì títí òórùn àlùbọ́sà yóò fi yí padà. Ẹ da ife omi méjì sí i, pẹ̀lú ẹja yíyan tí ẹ ti ṣa egungun rẹ̀ kúrò, àti ìgbá kékeré kíkorò tí wọ́n ń pè ní bitterball níbẹ̀, tí ẹ gé sí mẹ́rin mẹ́rin. Ìgbà tí ìgbá bá rọ̀ ni elégédé tó wọlé. Ti inú agolo ti jinná tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná wẹ́rẹ́ ti tó o. Ẹ dé ìkòkò náà, nítorí á máa ta pò-pò bí ẹ̀kọ tó ń hó, ó sì lè jó ẹni lọ́wọ́. Ẹni tí kò jẹ ẹja yíyan lè lo adìẹ, tàbí kó fi ẹ̀wà sísè rọ́pò rẹ̀.

Adùn elégédé ń wá ohun kíkorò àti ohun tó ta. Ìdí nìyẹn tí bitterball àti rodo fi bá a mu. Májì kan ti tó fún odindi ìkòkò náà, nítorí ẹja yíyan lè ti ní iyọ̀ tirẹ̀. Bí a bá rọ Májì mẹ́rin sí i, a ti sọ oúnjẹ tí kò níyọ̀ di oníyọ̀ fún bàbá tàbí ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà.

Bí ìyókù kò bá ju ife kan lọ, kò tó ọbẹ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè wọ ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Nínú ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó lè gba ipò ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀pà lílọ̀: ọbẹ̀ á ki bó ṣe yẹ kó ki, ọ̀rá rẹ̀ á sì dín kù. Nínú ẹ̀wà, á jẹ́ kí omi ẹ̀wà wọ́pọ̀ mọ́ra. Pẹ̀lú ewé ọ̀dùnkún tí wọ́n ń sè lójoojúmọ́ ní Làìbéríà, ṣíbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin á dín kíkorò ewé náà kù, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ pé elégédé wà níbẹ̀.

Fún oúnjẹ àárọ̀, ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ògì tàbí ọ́ọ̀tì nígbà tó ń hó, kí ẹ sì fi ṣíbí ẹ̀pà lílọ̀ kan lé e. Kò nílò ṣúgà. Ẹni tó bá fẹ́ adùn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n wà.

Búrẹ́dì ìrẹsì, tí wọ́n ń pè ní rice bread, jẹ́ ohun tí Làìbéríà lè fọ́nnu lé lórí. Ìyẹ̀fun ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí a gún, atalẹ̀ àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń pò pọ̀, kí wọ́n tó yan án nínú ààrò. Elégédé lè gba ipò ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ó lómi díẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà kí omi tàbí mílíìkì tí a fi ń pò ó dín kù, kí a sì fi í sínú ààrò pẹ́ díẹ̀ sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù níbẹ̀ ti ní adùn tó tó. Kò sí ìdí fún ife ṣúgà kankan.

Ẹni tí páì kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, kó ṣe é. Ìlànà tí Libby's ń kọ sára agolo ń béèrè ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife ṣúgà, nǹkan bíi gíráàmù 150, fún páì kan. Ìdajì rẹ̀ tó, bí nọ́tímẹ́ẹ̀gì àti atalẹ̀ bá pé.

Ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà lè jẹ ẹ́ bó ṣe wà, láìsí iyọ̀, láìsí ṣúgà, pẹ̀lú ẹ̀kán epo díẹ̀. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lónìí ni ká fún un. Ti ìjẹta, ọbẹ̀ àgbàlagbà ni kó lọ.

Ẹni tí iná rẹ̀ dúró dáadáa lè bu ìyókù sínú abọ́ tí a fi ń ṣe yìnyín, ṣíbí méjì méjì, kó dì í nínú fírísà. Oṣù mẹ́ta ló lè fi wà níbẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì tó láti sọ sínú ìkòkò kan. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ dán wò ni kí a dà á sínú ìgò, kí a sè é, kí a dé e pa, kí a sì gbé e sórí pẹpẹ. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn kọ̀ ọ́ pátápátá, nítorí elégédé lílọ̀ ki jù, ooru kì í dé àárín rẹ̀ dọ́gba, kòkòrò tó ń fa bọ́túlísíìmù sì fẹ́ràn ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Nítorí kòkòrò yìí kan náà, agolo tó bá wú tàbí tó ń jò, kí a má tọ́ ọ wò.

Elégédé tútù kò ṣòro rí ní ọjà Duala tàbí ní Waterside, fún ẹni tí agolo ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tí a sọ nípa ọbẹ̀ ló bá a mu, àfi pé á lò tó ogún ìṣẹ́jú sí i lórí iná. Irúgbìn inú rẹ̀ ṣeé yan jẹ bí ẹ̀pà, ewé rẹ̀ sì ni a ń pè ní gbọ̀rọ̀, tí a ń fi se ẹ̀fọ́. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì nínú agolo.