Dungeons & Dragons: Bí ọfọ̀ tó ń kúrò ní iyè ṣe di òfin eré, àti bí òfin náà ṣe ń rọ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wo abala kẹrin eré Stranger Things lórí Netflix lọ́dún 2022 ló mọ orúkọ Vecna, ẹni burúkú tó ń pa àwọn ọ̀dọ́ inú rẹ̀. Inú eré Dungeons & Dragons ni orúkọ náà ti wá. Tí èèyàn bá sì tún lẹ́tà rẹ̀ tò, Vance ló máa kà.

Jack Vance jẹ́ òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé ìwé The Dying Earth jáde lọ́dún 1950. Nínú ìwé náà, ọfọ̀ máa ń wúwo lórí ọpọlọ bí ẹrù. Mazirian, ọ̀kan lára àwọn onídán inú rẹ̀, kò lè gbé ju ọfọ̀ ńlá mẹ́rin tàbí kékeré mẹ́fà sórí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá sì ti pe ọ̀kan tán, ó ti kúrò ní iyè rẹ̀ nìyẹn, àfi kó padà sídìí ìwé.

Gary Gygax fẹ́ràn ìwé yìí. Nígbà tí òun àti Dave Arneson gbé D&D jáde lọ́dún 1974, eré orí tábìlì tí olúkúlùkù ti ń sọ ara rẹ̀ di akọni, tí ẹnì kan ń darí ìtàn, tí dáìsì sì ń pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀, ọgbọ́n Vance ni wọ́n fi ṣe òfin idán. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Bí oṣó bá lè máa da iná bo ọ̀tá láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni oníidà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá ṣe? Nítorí náà, ọfọ̀ di ọta ìbọn. Oṣó tó wà ní ìpele kìíní ní ẹyọ kan ṣoṣo fún odidi ọjọ́. Tó bá mú ọfọ̀ tó ń kun ọ̀tá lóorun, tó wá kan ilẹ̀kùn tó wà ní títì, ó di kó máa kanlẹ̀kùn.

Dáìsì ló ń sọ ẹni tó lè kọ́ ọ

Òfin ọdún 1978 tún le sí i. Kí oṣó, tí wọ́n ń pè ní Magic-User nígbà náà, tó lè kọ́ ọfọ̀ kan, dáìsì gbọ́dọ̀ gbà fún un. Ẹni tí òye rẹ̀ jẹ́ 18 ní àǹfààní 85 nínú 100. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 9 ní 35 péré. Bí dáìsì bá kọ̀, ọfọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí sọ ọfọ̀ di dúkìá. Nínú ìwé tí Gygax kọ fún àwọn adarí eré lọ́dún 1979, oṣó àjèjì kì í fi tirẹ̀ lélẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: pàṣípààrọ̀ ni, ọfọ̀ fún ọfọ̀ tàbí ohun mìíràn tó níye lórí. Ohun tó pani lẹ́rìn-ín ni pé Cleric, tó jẹ́ àlùfáà, kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Yóò gbàdúrà láàárọ̀, yóò sì mú èyí tó wù ú nínú gbogbo ọfọ̀ tí ìpele rẹ̀ gbà. Ọ̀mọ̀wé ń jìyà, ẹni tó tọrọ ń rí gbà.

Ọ̀fẹ́ kọ́ ni ẹ̀bùn Sorcerer

Ilé iṣẹ́ Wizards of the Coast ra TSR, tó ni eré náà, lọ́dún 1997. Ẹ̀dà kẹta tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2000 ló mú Sorcerer wọlé. Inú ẹ̀jẹ̀ ni agbára tirẹ̀ wà, kò nílò ìwé, ó sì lè pe ọfọ̀ kan náà léraléra títí agbára ọjọ́ náà yóò fi tán. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló mọ̀, èyí tó bá sì ti yàn kò ṣeé dá padà. Ẹni tó yan ọfọ̀ oorun ní ìbẹ̀rẹ̀ máa ń dé ìpele kẹwàá, níbi tí ọ̀tá kankan kì í ti í sùn mọ́, síbẹ̀ ọfọ̀ náà ṣì jókòó tì í.

Lọ́dún 2003 ni àtúnṣe dé. Láti ìpele kẹrin, lẹ́yìn ìpele méjì-méjì, Sorcerer lè fi ọfọ̀ kan pààrọ̀ òmíràn. Àtúnṣe kékeré ni, àmọ́ òfin ti gbà pé olùkópa lè ṣì yàn.

Ìgbà tó di 2014, gbogbo ìpele ni Sorcerer ti lè pààrọ̀ ẹyọ kan. Wizard ní tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọfọ̀ mẹ́fà nínú ìwé, méjì ń kún un ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Bó bá rí òmíràn nínú ìwé àkájọ, wákàtí méjì àti 50 owó wúrà fún ìpele ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa ná láti dà á kọ. Ọfọ̀ tó bá pè kò sì kúrò ní iyè rẹ̀ mọ́. Nínú Baldur's Gate 3, eré kọ̀ǹpútà tí Larian Studios ti Belgium gbé jáde lọ́dún 2023, 100 owó wúrà péré ni akọni máa san fún Withers láti tún ohun gbogbo yàn látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà òṣèré kan kò fẹ́ èyí rárá. Wọ́n ní yíyàn tí kò lè dunni kì í ṣe yíyàn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ọfọ̀ aláìwúlò bá so mọ́ lọ́rùn fún odidi ọdún kan kò ní í bá wọn fi bẹ́ẹ̀ jiyàn rẹ̀ pẹ́.

Ohun kan ṣì kù tí wọn kò yí padà. Bí iná bá jó ìwé Wizard, kìkì ọfọ̀ tó wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló lè tún kọ.