Báìtì Nìkan Kò Tó: Àríyànjiyàn lórí Títú Firmware Inú Chip TMS1000 Palẹ̀

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń tọ́jú ìtàn ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà pé, bí a bá ti ka àwọn báìtì inú chip àtijọ́ jáde tán, iṣẹ́ ti parí. Firmware ni ètò tí olùṣe ẹ̀rọ fi sínú chip láti iléeṣẹ́ wá, tí ẹni tí ń lo ẹ̀rọ náà kì í sábà rí. Microcontroller sì ni chip tí ó kó ẹ̀yà ìṣirò, ibi ìpamọ́ ètò àti ojú ọ̀nà ìwọlé-àbájáde pọ̀ sórí sílíkọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé, nínú àwọn microcontroller ìṣáájú, ètò kò sí nínú báìtì nìkan. Ó pín sára chip fúnra rẹ̀ àti sára àwọn èròjà tí ó yí i ká.

TMS1000, tí Texas Instruments gbé wá sọ́jà ní ọdún 1974, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Bíìtì 4 ni ó ń ṣírò lẹ́ẹ̀kan, ROM rẹ̀, ìyẹn ibi ìpamọ́ tí a lè kà ṣùgbọ́n tí a kò lè yí padà, sì gba báìtì 1,024. Òun ni ó wà nínú Simon, ẹ̀rọ ìṣeré oníná mẹ́rin tí Ralph Baer àti Howard Morrison ṣe, tí Milton Bradley sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1978: ẹ̀rọ náà á tan iná, á sì dún, ẹni tí ń ṣeré á sì tẹ bọ́tìnì tẹ̀ lé e bí ó ṣe tò ó.

Nígbà tí a ń ṣe chip náà gan-an ni a ti tẹ ètò mọ́ sílíkọ́ọ̀nù rẹ̀ lára. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú kà á yóò fi ásíìdì náítíríìkì gbígbóná jẹ ike tí ó bò ó kúrò, yóò ya àwòrán rẹ̀ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, yóò sì ka bíìtì 8,192 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá òdo ni tàbí ení. Chip tí a bá ṣe báyìí kì í sábà ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òdo àti ení tí a rí níbẹ̀ kò tíì di ètò. ROM náà pín sí ojú-ewé 16, àṣẹ 64 ló wà lójú-ewé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n chip kì í kà wọ́n ní 0, 1, 2, 3. Ó ń lọ láti 0 sí 1, sí 3, 7, 15, 31, 63, 62, 61, 59, títí yóò fi kan gbogbo wọn, nítorí pé irú òǹkà tí ń sún bíìtì lọ báyìí kò gba transistor púpọ̀ bí èyí tí ń ṣe àròpọ̀. Ẹni tí ó bá to báìtì náà bí nọ́ḿbà ṣe tẹ̀ léra yóò ní gbogbo wọn lọ́wọ́, kò sì ní rí ìtumọ̀ kankan níbẹ̀.

Bí a tilẹ̀ tò wọ́n dáadáa, ó tún ku ohun mìíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ROM ni àwọn tábìlì tí a ń pè ní PLA wà, tí a tẹ̀ mọ́ chip bíi ti ètò: ọ̀kan ń pinnu ohun tí àwọn àṣẹ kan ń ṣe, èkejì ń gba bíìtì 5 láti inú, ó sì ń sọ ọ́ di àmì tí yóò jáde síta. Oníbàárà ló ń yan bí tábìlì àbájáde yìí yóò ṣe rí, nítorí náà báìtì kan náà lè tan iná kan nínú ẹ̀rọ yìí, kí ó sì tan òmíràn nínú ẹ̀rọ mìíràn. Báìtì tí kò ní PLA dà bí àrokò tí ó dé ọwọ́ ẹni tí kò mọ àdéhùn tí ó wà láàárín ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ àti ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí.

Ohùn Simon tún fi èyí hàn. TMS1000 kò ní aago tí ètò lè lò láti ka àkókò. Ohùn ń jáde nítorí pé ètò ń tan ojú ọ̀nà àbájáde kan, ó sì ń pa á, léraléra, gígùn àyípo náà ló sì ń pinnu bí ohùn yóò ṣe ga tó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, rẹ̀sísítọ̀ àti kàpásítọ̀ tí ó wà lóde chip ló ń sọ bí àṣẹ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe yára tó, nítorí náà ohùn tí ó jáde kò sí nínú ROM nìkan.

Àwọn kan lè sọ pé kò sí ìdí fún wàhálà yìí, pé kí a wo bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe, kí a sì kọ ètò tuntun tí yóò máa ṣe bíi tirẹ̀. Èyí lè tó fún ẹni tí ó fẹ́ ṣeré, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń pa mọ́ ni ìṣesí ẹ̀rọ, kì í ṣe ọgbọ́n ẹni tí ó kọ ètò rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, chip náà kò ní ẹ̀yà kankan tí ń pèsè nọ́ḿbà àìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tí òǹkọ̀wé ètò gbà mú iná tí ó kàn wá láìjẹ́ kí òǹṣeré mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè hàn sí ẹni tí ń wò láti òde. Ní ti òfin, òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1984 lórí àwòrán chip fàyè gba títú u palẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìtúpalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí ètò inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, ó sì ń pẹ́ ju ààbò orí àwòrán chip lọ. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ láti kà á kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti pín in.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé kíkà yìí sábà máa ń ba chip jẹ́, ẹni tí ó bá ṣe é gbọ́dọ̀ tọ́jú àwòrán, àwọn PLA àti ìwọ̀n èròjà òde pọ̀ mọ́ báìtì, nítorí pé ẹni tí yóò tún èrò rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀la lè má rí chip mìíràn tí yóò ṣí.