Ọkọ̀ Apẹja Kan Lórí Iyanrìn Lomé, Láti Ìdájí Dé Ìrọ̀lẹ́

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Ní etíkun Lomé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, lápá ìwọ̀ oòrùn èbúté ńlá, ọkọ̀ apẹja kan wà lórí ìtì igi mẹ́ta. Igi arère ni wọ́n gbẹ́ ṣe ìdí rẹ̀, wọ́n wá fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga. Ó gùn tó mítà 12, ó sì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ kí àwọ̀n tó wọ inú rẹ̀. Kò sí tírélà níbí, kò sí mọ́tò tí yóò fà á, kò sì sí ọ̀nà kọnkéré tó dà gẹ̀rẹ̀ wọnú omi. Ìtì igi, okùn àti èjìká ènìyàn ni irinṣẹ́.

Oṣù kẹjọ ọdún ni. Lásìkò yìí ni omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, tí ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ á sì pọ̀ létí ilẹ̀. Àsìkò yìí náà ni ìgbì máa ń le, torí ìjì tó ń jà ní gúúsù Àtìláńtíìkì lọ́nà jíjìn ló ń rán an wá.

Ọ̀gá ọkọ̀, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Fofo, dúró sétí omi, kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìgbì ló ń wò. Ìgbì ńlá kì í dá rìn: mélòó kan máa ń tẹ̀ lé ara wọn, lẹ́yìn náà omi á rọlẹ̀ díẹ̀. Àárín ìrọlẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí.

Agogo márùn-ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Kò tíì rìn jìnnà tí ìtì iwájú fi rì sínú iyanrìn gbígbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ tún tẹra mọ́ ọn.

"Ẹ dúró! Ẹ má tì í mọ́!"

"Fofo, ó ti fẹ́ lọ."

"Ilẹ̀ ló ń lọ yẹn."

Òótọ́ ló sọ. Bí a bá ṣe ń ti ohun tó ti rì, bẹ́ẹ̀ ló ń gbẹ́lẹ̀ fún ara rẹ̀; ẹni tí táyà tírélà rẹ̀ ti há sétí omi rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ki ọ̀pá méjì bọ abẹ́ orí ọkọ̀, wọ́n fi gbé e, wọ́n yọ ìtì náà, wọ́n tẹ́ pákó sílẹ̀, wọ́n sì dá ìtì padà sórí pákó. Ẹnì kan bu omi òkun wọ́n iwájú, torí iyanrìn tútù le ju gbígbẹ lọ. Ọkọ̀ ṣí.

Agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀. Orí ọkọ̀ kọjú sí ìgbì gan-an. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ gbà á, yóò dojú dé. Ọkùnrin méjì di ìdí rẹ̀ mú títí Fofo fi ké, gbogbo wọn sì sáré tì í wọnú omi, wọ́n fò sínú rẹ̀, àjẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọn ò tíì sọ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀: abẹ̀bẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gbá iyanrìn, á sì máa yí lásán nínú ìfófòó. Ó di ẹ̀yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́ kí wọ́n tó tan án.

Ìgbì yìí ti da àwọn alágbára láàmú rí. Nígbà ìjọba Jámánì, ọkọ̀ kéékèèké ló ń kó ẹrù láti inú ọkọ̀ ńlá la ìgbì yìí kọjá wá sí ilẹ̀, ẹrù àti ènìyàn sì ń bómi lọ. Ní 1904 wọ́n ṣí afárá onírin tó wọnú òkun lọ. Ní 1911 òkun já apá kan rẹ̀. Èbúté tòní ṣí ní 1968. Odi òkúta rẹ̀ dá iyanrìn tó ń wọ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn dúró. Nítorí náà, lápá ibi tí a wà yìí, iyanrìn ti gbòòrò, fífa ọkọ̀ sì jìnnà. Lápá ìlà oòrùn títí dé ìlú Aného, òkun ń jẹ ilẹ̀ àti ilé, apẹja ò sì rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀sán. Wọ́n wà lójú agbami.

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ yọ, ó sì dúró lẹ́yìn ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Wíwọlé léwu ju jíjáde lọ, torí ìgbì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì lè gbé ìdí ọkọ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fofo jẹ́ kí àwọn ńlá kọjá, ó gun ẹ̀yìn èyí tó kẹ́yìn, ó tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì kí ìgbì mìíràn má bàa bá a, ó sì gbé e sókè kí orí ọkọ̀ tó kanlẹ̀. Okùn ti fò sílẹ̀.

Agogo mẹ́rin ààbọ̀. Ọmọdé kan fẹ́ fà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyá oníṣòwò kan sì dá a dúró: "Ṣé ẹja lo fẹ́ fà ni àbí ọkọ̀?" Ẹja kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì tẹ̀ lé e, àwọ̀n, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Ìgbà yìí ni orin lédè Ewe bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ọwọ́ lè fà pọ̀. Ìtì tó bọ́ lẹ́yìn ni wọ́n ń sáré gbé lọ síwájú, ẹ̀gbẹ́ sì ni ẹni tó gbé e ti ń wọlé, kì í gba iwájú ọkọ̀, torí ẹsẹ̀ tó bá há sábẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Níbi tí ilẹ̀ ti ga, ẹnì kan ń fi igi há ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn ìfà kọ̀ọ̀kan kó má yọ̀ padà.

Agogo mẹ́fà. Ẹni tó bá fà gba ẹja tirẹ̀, àlejò pàápàá. Kì í ṣe gbogbo apẹja ló ṣì ń fa ọkọ̀ báyìí: ní 2019 ni èbúté apẹja ṣí ní Gbétsogbé pẹ̀lú ìrànwọ́ orílẹ̀-èdè Japan. Àwọn tó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìgbì. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ṣì ń fa ọkọ̀ lórí iyanrìn, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́ ohunkóhun sí etíkun yìí gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn, ọ̀nà tó gba ọkọ̀ àti àwọn tó ń fà á.

Ìtì kan ti là. Fofo rán ọmọ kan sí oníṣọ̀nà kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ìtì méjì kò lè gbé ọkọ̀ yìí sọ̀ kalẹ̀ lọ́la.