Ta ló ni eré: ẹni tó ń darí ni, àbí ẹni tó ń ṣe é?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ láyé ìgbà kan pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń ṣe eré Dungeons & Dragons ní pálọ̀, ni ìjà bá dé. Ẹni tó ń darí eré ti pinnu pé inú ihò àpáta kan ni wọ́n máa wọ̀. Ọmọ náà ní òun ò wọ̀ ọ́. Ó yà sọ́tùn-ún, ihò àpáta. Ó yà sósì, ihò àpáta yẹn náà. Bàbá rẹ̀ ní kí n bá wọn dá a. Ẹjọ́ yìí kúkú ti tó igba ọdún.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò rí eré náà rí: èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Oníkálukú á di ẹnì kan nínú ìtàn, bóyá jagunjagun, olè tàbí oṣó, á sì máa sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í ní ẹni tirẹ̀. Òun ni ọ̀tá, òun ni òjò, òun náà ni adájọ́. A kì í wá adájọ́ sídìí ọpọ́n ayò: ihò 12, ọmọ 48, ohun tí kò sí níbẹ̀ kò ṣeé ṣe. Níbí, ohun tó bá wu èèyàn ló lè dán wò, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó máa sọ ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Èrò mi ni pé òmìnira eléré àti agbára olùdarí, ìbejì ni wọ́n.

Ilẹ̀ Prọ́ṣíà ni wọ́n ti bí wọn. Lọ́dún 1824, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun kan, Georg Heinrich von Reisswitz, tẹ òfin eré ogun tí bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ jáde. Ìhà méjèèjì kì í fọwọ́ kan ọmọ ogun orí máàpù. Ṣe ni wọ́n ń kọ àṣẹ sínú ìwé fún adájọ́. Òun ló ń sún wọn, ohun tí ojú oníkálukú lè tó nìkan ló sì ń sọ fún un. Dáìsì àti àtẹ ìṣirò ló ń fi mọye ẹni tó kú. Nígbà tó di 1876, ọ̀gágun Verdy du Vernois ní kí wọ́n da gbogbo ìṣirò yẹn nù, kí adájọ́ tó ti mọ ogun fi òye dá a. Ẹ ò rí nǹkan? Èèyàn á rò pé bí agbára adájọ́ ṣe ń pọ̀ ni ti eléré ń dín. Rárá o. Ohun tí ẹni tó ṣe é bá ronú kàn nìkan ló ń wà nínú àtẹ. Adájọ́ tó ní òye lè gbọ́ ohun tẹ́nì kankan ò rò rí.

Èyí gan-an ló ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. David Wesely rí ìwé eré ogun Strategos, tí Charles Totten kọ lọ́dún 1880, ní láíbìrì Yunifásítì Minnesota. Lọ́dún 1969, ó ṣètò ogun sẹ́bàá ìlú kan ní Jámánì tó pè ní Braunstein. Eléré pọ̀ jù, ló bá fi àwọn kan jẹ olórí ìlú, ó fi ẹnì kan jẹ oní-báńkì. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fọ́nká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní kọ̀rọ̀, àwọn méjì tiẹ̀ fẹ́ bá ara wọn jà ìjà àjàkú. Wesely lọ sílé pẹ̀lú èrò pé eré òun ti bàjẹ́. Àwọn eléré ní kó tún un ṣe!

Nínú ọ̀kan tó ṣe lẹ́yìn náà, Dave Arneson jẹ́ ajìjàgbara tó kàn fẹ́ pín ìwé ìléwọ́. Ó ti ṣe káàdì CIA ayédèrú láti ilé wá, ó sì fi tan gbogbo wọn jẹ. Wesely ò dá a dúró. Arneson yìí àti Gary Gygax ló gbé Dungeons & Dragons jáde lọ́dún 1974, ẹ̀dà 1000 péré.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ìwé eré Dragonlance dé, tí ìtàn rẹ̀ ti ní ọ̀nà tó máa gbà. Ó gba olùdarí nímọ̀ràn pé bí ẹni tí ìtàn ṣì nílò bá kú, kó jẹ́ ikú tí wọn ò ní rí òkú rẹ̀, kó lè padà wá. Ojú irin rélùwéè làwọn eléré ń pe irú eyìí. Ó dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń wa ọkọ̀?

Mi ò lẹ́nu láti bú ẹnikẹ́ni. Àwọn kan nínú yín á rántí kíláàsì tá a ti fi ogun Kírìjì ṣeré. Ẹni tí mo fi jẹ Ààrẹ Látòósà ní òun fẹ́ kó ogun Ìbàdàn padà sílé. Mo ní àwọn balógun kọ̀. Ó tún wá ọ̀nà mìíràn, mo tún dí i. Ó wò mí, ó ní, “Prof., ṣé ẹ ti mọ ibi tá à ń lọ kẹ́ ẹ tó bi wá ni?” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì bá iṣẹ́ lọ. Àwíjàre mi ni pé ọdún 16 ni ogun náà gbà, láti 1877 dé 1893, n kò sì lè yí i padà. Àmọ́ èmi náà ni mò ń kọ́ yín pé ẹnikẹ́ni tó wà ní Kírìjì ní 1880 kò mọ 1893. Bí Látòósà kò bá lè ṣe ohun mìíràn, kí la wá ń yẹ̀ wò?

Mo sọ fún bàbá ọmọ náà pé kó bi olùdarí ní ìbéèrè kan péré: ká ní ọmọ náà yà sọ́tùn-ún lóòótọ́, kí ni ì bá rí níbẹ̀? Tí kò bá tíì mọ̀, kó sinmi eré náà díẹ̀, kó lọ rò ó wá. Ìwọ tó jẹ Látòósà lọ́jọ́ náà, tó o bá ń ka èyí, mo jẹ ọ́ ní kíláàsì kan.