Ilé Ọ̀rọ̀ Tiwa: Bí Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Ṣe Lè Yan Serveur Fún Ara Wọn

Serveur ni ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ tí a kọ ránṣẹ́, tó ń pa á mọ́, tó sì ń pín in fún àwọn tí a kọ ọ́ sí. Àwọn ọ̀rẹ́ lè ní èyí tó jẹ́ tiwọn. Ti WhatsApp kì í ṣe tiwa: láti ọdún 2014 ni Facebook ti rà á. Lóòótọ́, wọ́n ń ti ọ̀rọ̀ náà pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, ṣùgbọ́n ilé àyágbé ni. Onílé ló ń ṣòfin, nọ́ḿbà fóònù rẹ la sì fi ń wọlé.

Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ ti rí i. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba pàṣẹ owó orí lórí WhatsApp, Facebook àti irú wọn, fáráǹkì 5 lórí mégà kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn pariwo, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò àwọn aṣòfin, wọ́n tún ti íntánẹ́ẹ̀tì pa. Serveur tó wà ní Yúróòpù kì bá tí ràn wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tó bá wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, tí a tò mọ́ Wi-Fi ibẹ̀, ì bá ṣì máa ṣiṣẹ́ fún àwọn tó wà nítòsí.

Èwo wá ni ká yàn? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ wo ẹwà. Ohun tí àwa ń bèèrè ni pé: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, fóònù ta ló sì kéré jù láàárín wa?

Matrix, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, lókìkí. Lórí rẹ̀ ni ìjọba Faransé kọ́ Tchap sí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2019. Element tí a fi ń wọ̀ ọ́ dára lójú. Ṣùgbọ́n Synapse, serveur rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, ń jẹ mémoire gan-an, bí ẹ bá sì wọ gúrúùpù ńlá kan níta, ààyè inú ẹ̀rọ yín á máa kún. Ohun mìíràn tún wà: ẹni tó pààrọ̀ fóònù láì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ní lè ka ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a tì pa mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn àgbàlagbà wa ti máa ń kọsẹ̀.

XMPP dàgbà jù ú lọ. Ọdún 1999 ni wọ́n ti gbé e jáde, Jabber ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Serveur rẹ̀ kan, Prosody, fúyẹ́ débi pé Raspberry Pi, ọ̀dínátọ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lè gbé e. Snikket ni Prosody tí wọ́n ti tò fún ẹbí àti ọ̀rẹ́: ẹ ó fi ìkésíni ránṣẹ́, ẹni náà á tẹ̀ ẹ́, á yan orúkọ, ó wọlé nìyẹn, kò sí pé à ń bèèrè nọ́ḿbà. Ìpè fídíò ènìyàn púpọ̀ kò rọrùn níbẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀rẹ́ mẹ́wàá sí ogún, òun la ó yàn. Mattermost àti Rocket.Chat, tó ti Bràsíìlì wá, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló yẹ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó dun àwa fúnra wa. Ọ̀rẹ́ wa kan gba serveur fún ẹgbẹ́ wa lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá ni lókè òkun. Òun nìkan ló ń sanwó, òun nìkan ló ní mot de passe. Àìsàn dá a dùbúlẹ̀, owó ò wọlé, wọ́n sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àkọsílẹ̀ àjọ ọdún mẹ́ta lọ. Àwòrán ìkẹyìn ẹnì kan nínú wa tó ti kú, ó bá a lọ.

Nísinsìnyí, ènìyàn méjì ló ní kọ́kọ́rọ́. Inú owó àjọ la ti ń yọ owó serveur àti ti nom de domaine. Lọ́jọ́ Sátidé la máa ń da ẹ̀dà rẹ̀ sórí clé USB, ilé mìíràn la sì ń gbé e sí. Kí ẹ tó kó gbogbo ẹgbẹ́ wọlé, ẹ fi ènìyàn mẹ́ta dán an wò fún oṣù kan, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí fóònù rẹ̀ ti gbó. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa serveur yẹn rẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀dà inú clé USB lè gbé e dìde.